Ọ̀já Búlúù Lára Takisí Ìyá Aláró

Abọ́ omi ló kọ́kọ́ mú mi. Mo jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kemta, mò ń fi ọwọ́ sí bùbá oníbàárà kan, nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí ọkùnrin kan tó wọ kakí tó ń gbé abọ́ tánganran tó kún fún omi lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì takisí. Ọkọ̀ náà wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta, ní òdì kejì títì, ó dojú kọ òkè. Dírẹ́bà fa bíréèkì ọwọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ti ilẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń wo omi. Omi náà mì, ó rọra dúró, kò ta sílẹ̀.

"Ó yege!" ni ọkùnrin oníkakí náà wí, ó bu omi náà mu, ó da ìyókù sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà bojú wo iṣẹ́ mi, mo ti rán ẹnu ọwọ́ bùbá náà pa. Oníbàárà mi gbé e sókè, ó wò ó síwá sẹ́yìn. "Télọ̀," ló wí, "ibo ni kí n ti yọ ọwọ́?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí máṣíìnì mi padà kó lè dojú kọ títì. Èyí jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí káńsù ń lo pápá kékeré tó wà ní òdì kejì títì yẹn láti yẹ takisí wò. Takisí tó bá fẹ́ gbé èrò láàárín ìlú Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ káńsù lọ́dọọdún. Bó bá yege, wọn á fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Nọ́ńbà ilẹ̀kùn yìí yàtọ̀ sí nọ́ńbà tó wà níwájú ọkọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni ará ìlú fi ń mọ takisí. Bí ènìyàn bá gbàgbé agbòòrùn sínú ọkọ̀, nọ́ńbà ilẹ̀kùn ni yóò lọ sọ ní káńsù.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń wò ni, mo sì ń bi gbogbo ẹni tó bá wá rán ṣòkòtò léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ìdí tí abọ́ omi kì í fi í yọ̀ ṣubú lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ máa ń dà gẹ̀rẹ́ síwájú díẹ̀, nítorí náà bí ọkọ̀ bá gbé imú sókè, bọ́nẹ́ẹ̀tì á tẹ́ bíi tábìlì. Ọkùnrin oníkakí náà, tó jẹ́ ọ̀gá ayẹ̀wò, mọ ojú ibi tí yóò ti rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ti fi ẹfun sàmì sí ibẹ̀ lára àpáta, bí òjò bá sì fọ̀ ọ́, á tún un sà. Mo mọ̀ pé wáípà gbọ́dọ̀ gbá gíláàsì mọ́ ní gbígbá kan. Mo mọ̀ pé fèrè ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jọ ti ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n ń yẹ awakọ̀ fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú: á dúró nídìí igi máńgòrò, á ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà ní ẹnu géètì, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á wá bi í ní ọ̀nà.

"Bí Sápọ́n bá dí pa, ibo lo máa gbé èrò gbà láti Ìbarà dé Ìtòkú?"

Ẹni tó bá ní òun á dúró títí ọ̀nà á fi là, ilé ló ń lọ.

Kò pẹ́ tí ẹnu mi fi gùn dé pápá náà. Màá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá pariwo: "Ọ̀gá, iná ẹ̀yìn apá òsì ò tàn o!" Awakọ̀ á yíjú sí mi, á ní, "Àǹtí télọ̀, ẹ mójú tó abẹ́rẹ́ yín, kó má gún yín lọ́wọ́!" Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á sì lọ wo iná ẹ̀yìn apá òsì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú ọ̀rọ̀ takisí wọ ilé wa. Ní agbo ilé wa ní Òwu, Ìyá Aláró ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun àti àwọn obìnrin ilé ló jọ ń ṣe àdìrẹ, Ìtòkú ni wọ́n ti ń tà á. Ohun kan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu: takisí kì í fẹ́ gbé aláró. Bí awakọ̀ bá ti rí ọwọ́ tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, tó sì rí ẹrù aṣọ tí kò tíì gbẹ tán, eré ló máa sá.

"Ẹ má bínú, Ìyá, ìjókòó ọkọ̀ mi funfun."

"Ìjókòó rẹ funfun, inú rẹ ńkọ́?" ni Ìyá á sọ sí i lẹ́yìn.

Nígbà òjò ni ó máa ń burú jù, torí aṣọ kì í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọjà kì í dúró de aṣọ. Orí ni wọ́n fi ń ru gbogbo rẹ̀, wọn á gun òkè, wọn á sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá ti ọjà dé, òjò ti pa á, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láàárín agbo ilé, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Màá ra takisí tèmi."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọdún yípo, ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin kan dúró níwájú ilé wa. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá ti fi rọ́bà bo gbogbo ìjókòó rẹ̀, kí aṣọ tútù máa rí ibi jókòó sí. Ó gba ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí láti máa wà á. Gíga ọmọ náà pọ̀ débi pé bó bá jókòó sídìí ọkọ̀, eékún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Èmi ni mo wá di olùkọ́ wọn. Mo sọ gbogbo ohun tí káńsù ń bèèrè fún wọn, láti orí fèrè dé orí táyà. Mo tún sọ bí nọ́ńbà ṣe rí: nọ́ńbà takisí kò pọ̀, bí oyè ni. Ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì kí òmíràn tó jogún nọ́ńbà rẹ̀. 47 ló kan Ìyá. Káńsù ní kó mú ọkọ̀ wá kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kó sì yege. Bí kò bá yege, ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìlà ló ni 47, Ìyá á sì tún padà sẹ́yìn ìlà títí ọkọ̀ mìíràn á fi kú. Ìyẹn ni pé òjò ọdún náà á tún bá ẹrù lórí wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, ọ̀já. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ń pe ìlà búlúù fífẹ̀ tí káńsù ní kí gbogbo takisí kùn yí ara ká, lábẹ́ fèrèsé, bí ìgbà tí ìyá fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kùn ní búlúù náà wà lára ògiri ọ́fíìsì káńsù ní pápá, wáyà ni wọ́n fi so ó kọ́. Ọ̀já ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá irin náà mu. Mo mú Ìyá lọ wò ó. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yí ẹ̀yìn padà.

"Ìyá, ẹ tún un wò dáadáa."

"Mo ti rí i. Ó ti wà lójú mi."

Lọ́jọ́ Ajé, a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà kan ní Òwu, bàbá kan tó ní irùngbọ̀n ewú. Ó po búlúù nínú agolo, ó fi igi bù ú jáde kí a lè rí i. Lójú tèmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin káńsù mu, ó kàn mọ́ díẹ̀ jù ú lọ ni. Ìyá fajú ro.

"Fi dúdú kún un."

"Ìyá, èyí ni káńsù ń gbà o."

"Ó ṣì tutù ni. Nǹkan tó tutù kì í sọ òótọ́. Bó bá gbẹ, á wálẹ̀. Fi dúdú kún un."

"Ìyá, ọ̀dà lèyí. Kì í ṣe aró."

"Ta ló ń bá ọ sọ ti aró? Búlúù là ń sọ. Kí irùngbọ̀n rẹ tó hù ni mo ti ń wo búlúù."

Pẹ́ńtà wò mí, èmi náà wo agolo. Ta ni yóò dúró ní Òwu, tí yóò máa bá aláró jiyàn lórí búlúù? Ó fi dúdú kún un. Ìyá ní kó tún fi kún un. Ìgbà tó tó bó ṣe fẹ́, ó mi orí, ó ní kí wọ́n kùn ún.

Lọ́jọ́rú, gbogbo obìnrin agbo ilé tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé Kemta. Wọ́n kún orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn tí kò ráyè jókòó sórí ìdì aṣọ àwọn oníbàárà mi. Dírẹ́bà wa dúró nídìí igi máńgòrò, ó ka nọ́ńbà láìṣẹ́jú. Ọ̀gá bi í ní ọ̀nà, ó mú un gba àwọn ẹ̀yìnkùlé tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Fèrè dún dáadáa. Wáípà gbá gíláàsì mọ́. Wọ́n gbé abọ́ omi lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, dírẹ́bà fa bíréèkì ọwọ́, omi náà dúró bí ẹni pé inú ìkòkò nílé ló wà.

"Ẹ káre o!" ni àwọn obìnrin náà ké.

Nígbà náà ni ọ̀gá tú irin káńsù lára wáyà. Ó gbé e ti ọ̀já. Ó wò ó, ó tún wò ó.

"Ìyá, dúdú lèyí."

"Dúdú kẹ̀? Ẹ gbé irin yín wá síbí."

Ìyá gba irin náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé ọ̀já. Irin náà dá yàtọ̀ lórí rẹ̀ bí ojú ọ̀run tó yọ láàárín ìkùukùu òjò. Ìyá fi ìka kan ra ọ̀já náà, ó gbé ìka sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ bí aláró ṣe máa ń gbóòórùn ìkòkò.

"Ó ti gbẹ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "kò sì wálẹ̀. Ó tún gòkè sí i ni."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró máa ń ṣókùnkùn nígbà tó bá tutù, bó bá gbẹ, á mọ́lẹ̀ sí i. Gbogbo aláró ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń jẹ́ kí tútù dúdú ju ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ. Ọ̀dà ìgbà náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe ń gbẹ ló ń dúdú sí i. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa búlúù kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn láéláé.

"Ìyá," ni dírẹ́bà wa wí láti ibi tó ká eékún sí, "ọ̀dà ò mọ̀ pé aláró ni yín."

Ẹ̀rín bú jáde. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò lè gbà á. "Ìyá, ó wù mí kí ẹ yege," ló wí. "Àmọ́ ọ̀já dúdú ni ọkọ̀ agbókùú àdúgbò yìí ń lò. Bí ẹ bá dúró fún èrò, ta ni yóò fẹ́ wọlé?"

Ọkùnrin kan fara ti ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá géètì. Òun ló tẹ̀ lé Ìyá lórí ìlà. Ó ti ń rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀. "Ẹ má dààmú, Ìyá," ló wí. "Èmi á bá yín tọ́jú 47."

"Tọ́jú ẹnu rẹ ná," ni Ìyá dá a lóhùn. Ó yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ yá mi ní irin yìí, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà."

"Irin yìí kì í jáde ní pápá, Ìyá. Bí mo bá yá yín, gbogbo ìlú ni màá yá."

Ìyá kò bẹ̀ ẹ́. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ń rán aṣọ, 47 ni mo ń rí.

Lọ́jọ́bọ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè nígbà tí Ìyá dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn awẹ́ aṣọ ló wà nínú rẹ̀. Aláró kọ̀ọ̀kan ló máa ń ní irú rẹ̀: awẹ́ tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mejì, lọ títí dé èyí tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Àwọn ni wọ́n fi ń han oníbàárà kó lè yan bí aṣọ tirẹ̀ yóò ṣe jinlẹ̀ tó. Ìyá jókòó sílẹ̀ nídìí ògiri ọ́fíìsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé awẹ́ kọ̀ọ̀kan lé irin káńsù.

Mo pa ṣọ́ọ̀bù tì, mo sáré kọjá títì. "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí irin náà dùbúlẹ̀. Ẹ gbé e dúró bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe ń dúró, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Bí ọ̀gá ṣe ń wò ó nìyẹn."

"Ó yá, gbé e dúró fún mi, olùkọ́."

Mo gbé e dúró. Ó fi awẹ́ kan lé e.

"Ó mọ́ jù," ni obìnrin ilé wa kan wí.

"Kò mọ́ jù, oorun ló wà lójú rẹ," ni èkejì wí.

Ìyá fi òmíràn lé e. Wọ́n jiyàn lórí ìyẹn náà. Àwọn awakọ̀ tó wá fún àyẹ̀wò kóra jọ, kálukú ń sọ tirẹ̀, àfi bí ẹni pé ìdíje ni. Ọ̀gá pàápàá gbé abọ́ omi rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyá tún mú awẹ́ kan, ó tẹ́ ẹ lé irin. A ò mọ ibi tí aṣọ parí sí tí irin ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá fọwọ́ kàn án kó tó gbà gbọ́. "Ìyá," ló wí, "irin káńsù kò gbọdọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní aṣọ ò gbọdọ̀ jáde."

A fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá kò jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan ọkọ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ fi ọ̀dà ra àwọn awẹ́ páánù àlòkù, kó tò wọ́n sínú oòrùn kí wọ́n gbẹ, ó wá ń fi aṣọ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun ló ń ní kó fi kún un nísinsìnyí.

"Ó gbọ́dọ̀ dà bí èyí tó ti ṣá nígbà tó bá tutù," ni ó wí.

"Ohun tí mo wí lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, Ìyá."

"O wí i. O ò wí i sókè ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá gbé irin lé ọ̀já ọkọ̀ wa, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí irin náà mọ́. Ó kàn ṣẹ́wọ́ sí bàbá tó ń kọ nọ́ńbà. Bàbá náà fi igi ti ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí ó má bàa gbọ̀n, ó fa 4 tó la orí sílẹ̀, ó fa 7 tó ní ìlà lọ́rùn. Mo dúró tì í títí ó fi parí. Kó tó gbẹ, àwọn aláró ti kó ẹrù tútù wọn sínú ọkọ̀, wọ́n jókòó lórí rọ́bà, wọ́n ń juwọ́ bí ìyàwó tuntun. Ìyá yọrí lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n ń kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin ẹnu géètì. "Ó dọdún tó ń bọ̀ o, ọkọ mi!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà fún un.

Ìyá fún mi ní awẹ́ aṣọ náà. Mo fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ etí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí oòrùn kì í dé. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi ń dúró níbẹ̀ láti fi ọ̀já ọkọ̀ wọn wé e kí wọ́n tó kọjá sí pápá. Àwọn kan tilẹ̀ ń kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o, aṣọ káńsù!"

Ìfẹ́ tó wọ inú mi lọ́jọ́ abọ́ omi kò jáde mọ́. Nígbà tí àwọn takisí ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú títì, mo ń lọ bá àwọn panẹ́bítà, mo ń ní kí wọ́n bá mi yọ ilẹ̀kùn tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Wọ́n rò pé mo fẹ́ kọ́ ilé. Mo tò wọ́n sára ògiri ẹ̀yìnkùlé mi. Mo lè wo ilẹ̀kùn kan kí n sọ ẹni tó kọ nọ́ńbà rẹ̀: bàbá àkọ́kọ́ máa ń la orí 4 sílẹ̀, ẹni tó gbapò rẹ̀ máa ń pa á dé. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń wá tí mi ò rí, 47. Ìyá ti ta ọkọ̀ náà fún ará oko nígbà tó ra èkejì, ọ̀nà sì ti pòórá.

Ní òpin ọdún tó kọjá, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní abúlé lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Mo rí ilé adìyẹ kan lẹ́yìn ilé aládùúgbò rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé adìyẹ náà ní ojú fèrèsé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi omi nu ìgbẹ́ adìyẹ kúrò lára rẹ̀, 4 kan yọ, orí rẹ̀ là sílẹ̀, 7 tó ní ìlà lọ́rùn sì tẹ̀ lé e. Mo pariwo débi pé àkùkọ sá gun òrùlé. Onílé ní òun ò lè ta ilẹ̀kùn òun, pé ibo ni adìyẹ òun yóò sùn. Mo pe kápẹ́ńtà, ó kan ilẹ̀kùn pákó tuntun fún un kí oòrùn tó wọ̀, adìyẹ wọlé, èmi náà gbé tèmi lọ sílé.

Mo yọ awẹ́ aṣọ Ìyá nínú àpótí, mo gbé ilẹ̀kùn náà dúró, mo jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn mi. Ibi tí ìgbẹ́ adìyẹ ti bo ọ̀já náà mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tí oòrùn kò rí i, ibẹ̀ ni mo fi aṣọ náà lé. Wọ́n ṣì bá ara wọn mu. Ó di ilẹ̀kùn mọ́kàndínlógún lára ògiri mi.